Ẹni Tó Ń Gbé Màmá Dìde

Bí a bá pe ilé ní Òkàkà láti Ìbàdàn, láti Èkó tàbí láti Manchester, ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń bèèrè. Ṣé Màmá jẹun? Ṣé wọ́n lo oògùn? Ṣé wọ́n rí oorun sùn? Ìyàwó wa, aya àbúrò mi tó kẹ́yìn, á ní wọ́n jẹun, wọ́n lo oògùn, wọ́n sùn díẹ̀. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó ṣàdúrà fún un pé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà yóò tọ́jú rẹ̀, a ó sì pa fóònù. Ọdún kan ààbọ̀ ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó bi ìyàwó léèrè bóyá òun alára sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo lọ sílé láìfi tó ẹnikẹ́ni létí. Mo bá a níbi tó ti ń gbé Màmá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ki apá kan bọ abíyá wọn, Màmá fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé wọn jókòó. Nígbà tí Màmá jókòó dáadáa tán, òun ni kò lè nàró. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó fi ìkejì di ìbàdí mú, ó dijú. Bó ṣe lajú tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. "Bọ̀dá Ìbàdàn, ẹ káàbọ̀ o." Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ń dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Agbọ̀n tí ìyàwó fi ń gbé irú lọ sọ́jà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, adìyẹ ti yé sínú rẹ̀. Ẹyin méje ni mo kà. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ irú ni o, tí àwọn oníbàárà máa ń wá láti Òtu wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún wa rí lórí fóònù pé òun kò lọ sọ́jà mọ́, àwa náà kò sì bèèrè.

Agbọ̀n yẹn ló la ojú mi, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ ní òbí arúgbó nílé. Ara arúgbó ni a máa ń wò kí a tó pinnu bóyá ó ti tó àkókò láti gba ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. A ó dúró di ìgbà tí kò bá lè rìn mọ́, di ìgbà tí kò bá lè gbé ṣíbí sẹ́nu. Kí ó tó dé ibẹ̀, ara ẹni tó ń gbé e dìde yóò ti sọ ọ́ tipẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá wò ó.

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, a sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́fà tí òkété bí, ọmú ta ló ń mu? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmú ẹnì kan ṣoṣo ni, onítọ̀hún sì lè má jẹ́ ọmọ pàápàá. Ó lè jẹ́ ìyàwó ilé, ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú tó padà sílé bàbá rẹ̀, ó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn tí kò rí ọ̀nà kúrò nílùú. Àwa yòókù ń fi owó ránṣẹ́. Owó dára, ṣùgbọ́n kì í di ènìyàn mú lóru tó bá fẹ́ tọ̀.

Láyé àtijọ́, ẹrù yìí kì í wọ ẹnì kan lọ́rùn. Ìyàwó mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń wà nítòsí nínú agbo ilé. Ọmọ-ọmọ ló ń sun yàrá ìyá àgbà, òun ló ń bá wọn wá ọ̀pá tó bá jábọ́, òun ló ń gbé omi fún wọn. Ẹni tó lọ sóko láàárọ̀ á dé nírọ̀lẹ́. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìbàdàn, àwọn bàbá wọn sì ti bá iṣẹ́ lọ. Ilé wa tó ń gba ogún ènìyàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ènìyàn márùn-ún ló ń sùn níbẹ̀ báyìí, Màmá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn àbúrò mi lórí WhatsApp pé kí a gba ẹnì kan, èyí obìnrin tó wà ní Manchester ló kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní àwọn ará ilé yóò máa sọ pé Màmá bí ọmọ mẹ́fà, àlejò ló ń fún wọn lóúnjẹ. Iṣẹ́ kẹ́à, ìyẹn títọ́jú arúgbó, sì ni òun gan-an ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbà lọ nìyẹn: ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òṣìṣẹ́ kẹ́à kún àwọn tó lè gba físà iṣẹ́ ìlera, àwọn tìṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì wa sì di ẹrù wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní òṣìṣẹ́ kẹ́à kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà pa mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti òkèèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí àbúrò mi ní Manchester kọ̀, ó pè mí lóru, ẹkún ló ń sun. Ó ní ilé ìyá òyìnbó kan tí òun ń wẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ lòun ti ń bọ̀. Ìyá náà di òun lọ́wọ́ mú, kò fẹ́ kí òun lọ. "Bọ̀dá mi, àjèjì ni mo jẹ́ sí wọn. Mi ò sì fi wọ́n ṣeré rí. Kí ló wá dé tí mo fi rò pé àjèjì ò lè fọwọ́ ire kan ìyá tiwa?" N kò ní ìdáhùn kankan fún un ju pé kó nu ojú lọ.

Bí ẹ bá bi mí pé ìgbà wo gan-an ni kí ẹ gba olùtọ́jú, ohun tí n ó sọ nìyí. Ẹ wo ẹni tó wà nílé. Bó bá ti di pé kò lọ sọ́jà, sóko, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́, ó ti tó. Bó bá ń lo oògùn ìrora ìbàdí lójoojúmọ́, ó ti tó. Bó bá ti ń jágbe mọ́ arúgbó, tó tún ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ó jágbe, ó ti pẹ́ jù, ẹ sáré. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo arúgbó: bó bá ti ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí ẹ bá ń bá hóró oògùn lábẹ́ ẹní tó yẹ kí ó wà nínú ikùn, bó bá gbé ìkòkò kaná tó gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ tún wà níbẹ̀, òun ni a kì í sábà sọ síta. Bàbá mìíràn wà tó ń dọ̀tí mọ́ra nítorí ojú ń tì í kí aya ọmọ rẹ̀ bọ́ ọ láṣọ, ojú sì ń ti aya ọmọ náà. Ọkùnrin kan tí a sanwó fún, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń wá láàárọ̀ tó sì ń lọ, á gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ìtìjú. Ọmọ bíbí kò lè ṣe gbogbo nǹkan, àjèjì a sì máa bo àṣírí mìíràn ju ẹbí lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni, ẹ gbé arúgbó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwa ò tètè ṣe èyí, ó sì dùn mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65, gbígbé aláìsàn láti apá ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà nìkan, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ogbó, àìsàn tó gbóògùn ni. Ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ lè jẹ́ kí arúgbó máa ṣubú. Àkóràn inú ìtọ̀ lè mú kí ìyá tó ń sọ̀rọ̀ gidi lánàá máa sọ ìsọkúsọ lónìí, bí wọ́n bá sì tọ́jú àkóràn náà, ọpọlọ á padà bọ̀ sípò. Bí dókítà bá ti sọ èyí tó gbóògùn àti èyí tí kò gbóògùn, ìgbà náà ni ẹ ó mọ irú olùtọ́jú tí ẹ ń wá: ẹni tó mọ ẹ̀jẹ̀ ríru wọ̀n, tàbí alágbára tó lè gbé ènìyàn, tàbí onísùúrù tí yóò kàn jókòó tì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iyè tó ń rá ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló dójú tì wá. Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn UCH pẹ̀lú àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Oṣúntókun wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ń wo àwọn arúgbó Ìdíkàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Indianapolis, bóyá àrùn ìgbàgbé ń mú wọn bákan náà. Èsì tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, ó ń mú ìwọ̀n 1.35 lọ́dún ní Ìdíkàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó wà. Àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́. Mo ń kọ ọ́ gbàǹgbà bẹ́ẹ̀ torí mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú ìyá arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru rí ní àwọn ìlú wa.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbà, opó kan láti Òtu ni, ó tó ọmọ ọdún márùnlélógójì, ó ti tọ́jú ìyá ọkọ tirẹ̀ títí wọ́n fi kú. Màmá fẹ́ràn rẹ̀. Ìyàwó padà sẹ́nu irú. Oṣù mẹ́ta ni gbogbo nǹkan fi lọ bó ṣe yẹ. Ní oṣù kẹrin, Màmá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà tí ẹnì kan fún wọn ti sọnù, obìnrin yẹn ló kó o. Wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Orí fóònù ni a ti dájọ́. Ẹni tó wà ní Èkó ní kó máa lọ lọ́jọ́ náà, ẹni tó wà ní Manchester fara mọ́ ọn, èmi náà dákẹ́, ìdákẹ́ mi sì ni ẹ̀bi tó tóbi jù níbẹ̀. Obìnrin náà kó àpò rẹ̀, ó lọ, kò ṣépè.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ìyàwó bu èlùbọ́ nínú àpò láti ro ọkà, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan. Gèlè Màmá ni, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà wà nínú rẹ̀, èlùbọ́ ti kùn ún funfun. Màmá ló fi pamọ́ fúnra wọn, iyè wọn sì rá.

Èmi àti ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi lọ sí Òtu. A dọ̀bálẹ̀. Obìnrin náà gbé omi fún wa, ó jẹ́ ká mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀. "Mo ti forí jì yín láti ọjọ́ tí mo ti kúrò. Mo mọ̀ pé ara Màmá ò yá. Ẹ̀yin tí ara yín yá ni mi ò rò pé ẹ lè gbà á gbọ́." A bẹ̀ ẹ́ kó padà, ó kọ̀. Ó ní òun ò lè máa bẹ̀rù gbogbo ìgbà tí Màmá bá ń wá nǹkan.

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti wà nílé wa: kò sí owó lọ́wọ́ Màmá ju náírà mélòó kan tí wọ́n lè fi ta ọmọdé lọ́rẹ. Bí wọ́n bá ní wọ́n jí nǹkan àwọn, gbogbo wa á kọ́kọ́ tú yàrá, olùtọ́jú á wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù. Ẹ sọ èyí fún ẹni tí ẹ bá gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí Màmá pè é ní olè, pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, àti pé ẹ ó dúró tì í.

Ní ti bí a ṣe ń rí ènìyàn, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ jìnnà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú yín mọ àwọn tó lè ṣe é. Ìyá Ààfáà mọ̀, ìyàwó pásítọ̀ mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi olùtọ́jú ránṣẹ́ wà ní Ìbàdàn àti Èkó, wọ́n wúlò bí arúgbó bá nílò ẹni tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó tí kò lè sùn níbi tí kò sí iná, tí kò mọ bí a ṣe ń fa omi nínú kànga, kì í pẹ́ ní Òkàkà. Ẹni tí a bá gbà, ẹ lọ sí ilé rẹ̀, ẹ rí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ má sì gba ọmọdé. A mọ̀ pé wọ́n ń mú àwọn ọmọ kéékèèké gba ẹnubodè wọlé láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, a sì mọ ilé tí wọ́n ti gba ọmọ ọdún méjìlá pé kó máa dúró ti ìyá àgbà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006, kò fàyè gba kí a fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Ká tilẹ̀ gbé òfin tì, ọmọ ọdún méjìlá kò lè gbé àgbàlagbà. Bí arúgbó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ló fara pa, ọmọ náà á sì ru ẹ̀bi rẹ̀ títí ayé.

Ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, kódà bí ẹ bá mọ ara yín. Nínú agbo ilé wa, ẹni tí a gbà fún Màmá, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á ti di ẹni tí gbogbo ilé ń rán lọ pọnmi, tó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ, tó ń ṣán koríko. Ẹ kọ ọ́ pé ti Màmá ni. Ẹ kọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí yóò dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ pé bó bá wà lójúfò lóru, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ní ti owó, iye tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 náírà lóṣù. Òfin náà kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ìyẹn ni pé kò de ilé mi àti ilé yín. Mo rò pé ó yẹ kó de ọkàn wa. Ẹni tó ń wẹ ìyá mi, tó ń nu ìdọ̀tí wọn, kò yẹ kó gba owó tó kéré sí ti ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Bí ọmọ mẹ́fà bá dá a, kò ní wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa gba owó náà jọ, kó sì máa san án lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù. Ẹni tó ń gbé ilé ni kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù, kì í ṣe ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù.

Màmá fúnra wọn ńkọ́? A kò bi wọ́n nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó tì wọ́n, mo sọ ọ́. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé mo ti di ẹrù ni?" Mo ní rárá, pé ìbàdí ìyàwó ló ń dùn ún. Wọ́n yí ojú sí ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń gún nǹkan níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ bá a wá ènìyàn." Nítorí tiwọn, wọn ì bá tí gbà. Ó yẹ ká bèèrè nígbà tí arúgbó bá ṣì lè dáhùn, kí òun náà lè bá wa wo ojú ẹni tí yóò máa fọwọ́ kan ara òun.

Obìnrin tó wà pẹ̀lú wọn báyìí ń bọ̀ láàárọ̀, ó ń lọ nírọ̀lẹ́. Àbúrò mi ní Manchester ló kọ́ ọ níṣẹ́ lórí fídíò WhatsApp: bí a ṣe ń ká aṣọ ìbùsùn ní mẹ́rin sábẹ́ ìdí arúgbó kí ènìyàn méjì lè fi fà á láìgbé e, bí a ṣe ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má bàa mú un nídìí àti ní gìgísẹ̀, kí a jẹ́ kó jókòó nàró kó tó jẹun, òkèlè kékeré, ẹ̀kọ tó ki dípò omi tó lè gbà á lọ́nà òfun. Káfíńtà àdúgbò lu ihò sí àárín àga kan, a gbé pó sábẹ́ rẹ̀, ìjà àtigbé Màmá lọ sí ṣáláńgá sì parí. Ìwé kan wà tí a so mọ́ ìṣó lára ògiri, níbi tí obìnrin náà ti ń kọ ohun gbogbo: oògùn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgbà tí Màmá yàgbẹ́, ohun tí wọ́n sọ tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo ṣí ìwé náà. Ọjọ́ ọjà ni. Obìnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá jẹ àmàlà díẹ̀ ní aago méjìlá, òun yí wọn sápá òsì ní aago kan, wọ́n ń pe òun ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, òun sì jẹ́ wọn. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìyàwó kò tíì dé látọjà. Mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Àyè agbọ̀n irú ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, adìyẹ náà sì ti wá ibòmíràn yé sí.